Òpó Abẹ́ Afárá

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ̀yin ọmọ yìí!" Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí onífọ́tò máa pariwo mọ́ wa.

Àwa mọ́kàndínlógún la há mọ́ inú yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, à ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò ìdágbére kíláàsì wa la fẹ́ yà. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò. Màmá mi ni. Mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè kí n tó gbé e.

"Ṣé o ti dé ìdí òpó?"

Aago méjì ló yẹ kí n débẹ̀. Aago mẹ́ta ti kọjá.

Lẹ́yìn tí omíyalé ba ọjà gbogbo wọn jẹ́ lọ́dún tó kọjá ni àwọn onísọ́ọ̀bù àdúgbò wa kun òpó kan lọ́dà lábẹ́ afárá. Obìnrin kan ló kọ́ wọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, kó máa kọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù kéékèèké bí àjálù ò ṣe ní gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Màdáàmù Kó-Tó-Dé ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa bá a sọ tí kò ní bi yín pé, "Kó tó dé ńkọ́?" Òun ló ní kí màmá mi, tó jẹ́ aránṣọ, kan pẹpẹ gíga fún ẹ̀rọ ìránṣọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ló ní kí káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa máa gbé Bàbá Oníbàtà jáde bí omi bá ń bọ̀, torí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ bàbá ò ṣiṣẹ́. Ó wá ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun sí ìsàlẹ̀ òpó, kí wọ́n fi pupa sókè.

"Bí omi bá kan funfun, ẹ kó ẹrù sókè. Bó bá kan pupa, ẹ fi ẹrù sílẹ̀, ẹ sá. Ẹ má wojú ọ̀run o. Òjò tó máa lé yín kúrò nílé, ibòmíràn ló máa ti rọ̀."

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ilé kan máa ń wo òpó náà, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, wọ́n á sì tẹ ohun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí fóònù àwọn yòókù. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé wa ló kàn. Èmi ni màmá mi gbé e fún.

"Sọ fún wọn pé kò tíì kan nǹkan kan," ni ọ̀rẹ́ mi sọ sí mi létí. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí pé kò sóhun tó mọ̀ ọ́n ṣe jẹ́jẹ́. "Ọjọ́ márùn-ún lo ti ń wò ó. Ó kan nǹkan kan rí? Wo oòrùn níta! Ṣé o fẹ́ fi bàtà yẹn rin inú ẹrẹ̀, kó o wá dà bí ẹni tó roko dé nínú fọ́tò?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Mo ti débẹ̀, Màmi," ni mo wí. "Omi ò tíì sún mọ́ funfun rárá." Mo tẹ ohun kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

"O ṣeun, ọmọ mi. Káfíńtà fẹ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ fún oníbàárà kan lódìkejì ìlú. Ọ̀rọ̀ ẹ ló ń dúró dè."

Mo rántí ẹsẹ̀ Bàbá Oníbàtà. Mo lè pè wọ́n padà. Mi ò pè wọ́n.

Onífọ́tò ya fọ́tò. Nígbà tá a wá ń túká ni mo yíjú sí fèrèsé, mo sì rí odò tó ń gba abẹ́ afárá wa. Omi rẹ̀ ti dúdú, ó ń gbé odindi igi lọ. Mo wá funfun lára òpó, mi ò rí i. Mo wá pupa, òun náà ò sí níbẹ̀. Orí òpó nìkan ló ṣẹ́ kù.

Mo pe màmá mi, wọn ò gbé e. Mo tún pè wọ́n, wọn ò gbé e. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Nígbà tí mo fi máa dé àdúgbò wa, omi ti dé orúnkún, aṣọ àwọn oníbàárà sì ń léfòó lójú títì. Màmá mi wà lẹ́nu sọ́ọ̀bù Bàbá Oníbàtà, wọ́n ń fa ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n omi ti ti ilẹ̀kùn náà pa. Sọ́ọ̀bù yẹn lọ sísàlẹ̀ ju títì lọ. Àtẹ̀gùn mẹ́ta lèèyàn ń sọ̀ kó tó wọ inú rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn bàbá nínú ilé: "Ẹ gbà mí o! Ó ti dé àyà mi!"

Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, àmọ́ nínú èmi àti màmá mi, èmi nìkan ni fèrèsé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lè gbà. Mo gba ibẹ̀ wọlé. Bàbá di pẹpẹ bàtà mú, omi ti dé ọrùn wọn.

"Padà, ọmọ yìí! Wàá kú!"

"Ẹ di èjìká mi mú, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́!"

Mo tì wọ́n sókè sójú fèrèsé, torí wọn ò tóbi jù mí lọ, màmá mi àti ọkùnrin méjì tó sáré dé sì fà wọ́n jáde. Ibi tí mo dúró sí yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Omi bò mí lórí. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Irun orí mi ni màmá mi fi fà mí jáde.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rì sómi, torí kò sẹ́ni tó gbé wọn sórí pẹpẹ. Bàbá lo ọjọ́ mẹ́rin nílé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ kẹfà, gbogbo onísọ́ọ̀bù pé jọ sí sọ́ọ̀bù káfíńtà. Màdáàmù Kó-Tó-Dé náà wá. Inú káfíńtà ń ru.

"Màdáàmù, ẹ bá wa kó ọ̀dà yín lọ. A wo òpó, òpó ní kò séwu. Ọ̀rọ̀ òpó yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi jáde nílé! A ò wo nǹkan kan mọ́."

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Màdáàmù ò jà. Ó ń ṣí ìwé rẹ̀, ó ń pa á dé. "Bóyá èmi ni mi ò wọn ibẹ̀ dáadáa," ló sọ.

Kò sẹ́ni tó fura sí mi. Kódà wọ́n ń yìn mí pé mo gba ẹ̀mí là. Tí mo bá ti lè dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa wo odò náà mọ́, omi á sì tún bá Bàbá Oníbàtà nínú sọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju tinú omi lọ.

"Òpó ò purọ́," ni mo wí. "Èmi ni mo purọ́. Mi ò débẹ̀. Fọ́tò ni mo lọ yà."

Màmá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Káfíńtà dìde fùú, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Bàbá Oníbàtà ló na ọ̀pá wọn dí i lọ́nà.

"Ó dùn mí," ni wọ́n wí, wọ́n wúkọ́. "Mi ò ní purọ́ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ká ní ó dákẹ́ ni, èmi ni mo tún máa rì. Ẹ jẹ́ ká máa wo òpó wa lọ."

Láti ọjọ́ náà, ẹni méjì ló ń lọ síbẹ̀ pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya fọ́tò òpó kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni màmá mi ò fi bá mi sọ ju "jẹun" lọ. Mo ti wá mọ̀ pé iṣẹ́ tó dà bíi ṣeréṣeré lójú ẹni tí wọ́n rán lè jẹ́ ohun tí ẹ̀mí ẹlòmíràn rọ̀ mọ́. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti ṣe ohun tẹ́ ẹ ò ṣe.

Nígbà tí fọ́tò kíláàsì dé, màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kàn án mọ́ ògiri sọ́ọ̀bù. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Lẹ́yìn wa, lójú fèrèsé, odò hàn kedere, àti òpó, àti omi tó ti bo pupa mọ́lẹ̀.