Ẹ̀rín Ló Pa Mí

Ojú ọmọ aránṣọ là sílẹ̀ kedere, síbẹ̀ àlá ti wọlé. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ di omi tó ń ṣàn, ẹyẹ funfun kan sì rọra bà lé èjìká ìyá náà.

"O tún ti sùn! Ọ̀lẹ ọmọ!" Àjákù aṣọ tí ìyá rẹ̀ jù bà á lójú. "Ọ̀la mà ni ìdánwò àṣekágbá!"

Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀ padà. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, àní nínú kíláàsì, oorun a máa gbé e lọ. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Olóorun. Èyí tó wá burú jù ni pé bí ọ̀rọ̀ bá pa á lẹ́rìn-ín, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á wó lulẹ̀ gbì. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ẹ̀rín ló pa mí." Ta ni ẹ̀rín kì í pa? Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ẹ̀rù ń bà á gidi. Bó bá sùn nínú ìdánwò, ọdún kan ti wọmi nìyẹn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà ki oògùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Gbé e mì. Oorun ò ní mọ ọ̀nà ilé ẹ mọ́."

Ọkàn rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó gbé e mì.

Ìdánwò kò tíì dé ìdajì tí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Àwọn lẹ́tà inú ìwé ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ti jí.

"Ṣé o ti ṣubú bẹ́ẹ̀ rí?" Dókítà obìnrin kan ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí."

Ìyá rẹ̀ pòṣé, àmọ́ dókítà sún mọ́ ọn. "Pa ọ́ báwo?"

"Mo máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ara mi ni kì í gbọ́ tèmi."

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, tí ọmọ náà sì ti jẹ́wọ́ oògùn tó gbé mì, dókítà pè wọ́n jókòó. "Ìránṣẹ́ kékeré kan wà nínú ọpọlọ wa tó ń jẹ́ orẹ́síìnì. Òun ló ń kéde pé ilẹ̀ ti mọ́, ká má sùn. Ó tún máa ń jẹ́ kí oúnjẹ wù wá jẹ. Tiẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìdí nìyẹn tí àlá fi ń wọlé láìkan ìlẹ̀kùn, tí ẹ̀rín sì fi ń gbé e ṣubú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, mà. A ò lè dá a padà, ṣùgbọ́n oògùn tó yẹ ẹ́ wà, kì í ṣe ti ọwọ́ ọ̀rẹ́."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, ẹnu ni mo fi ń nà ọ́ láti ọjọ́ yìí!"

"Èmi náà ni mi ò sọ, Màámi."

Ìdánwò ọdún yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ohun tó ń ṣe yín pa mọ́ nítorí ìtìjú, ẹ má sì gbé oògùn tí dókítà kò fún yín mì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olùkọ́ wá ibì kan fún un kó máa sùn díẹ̀ láàárín ìdánwò méjì. Aránṣọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra rìn. Ọmọ mi ń sùn."