Lára Ta Lẹ Ti Jí Tiyín Wò?

Orí ìkúnlẹ̀ ni Monílọ́lá wà níwájú kíláàsì wọn ní Odigbo, òun àti Rìlwánù, ọmọ awakọ̀ kan ní gáréèjì Orè, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan, olùkọ́ ìṣirò, là á mọ́lẹ̀ fún wọn.

"Ọ̀kan nínú yín jíwèé wò. Ẹni tó bá tú àṣírí ẹnì kejì á ṣe ìdánwò àṣekágbá. Bí ẹ bá jọ panu mọ́, ẹ̀yin méjèèjì ẹ padà sóko."

Kí ni wọ́n ṣe gan-an? Ó ní kí wọ́n tú nọ́mbà mẹ́wàá sí wẹ́wẹ́, títí yóò fi ku kìkì èyí tí kò ṣeé pín mọ́. Àwọn méjì yìí nìkan ló gba gbogbo rẹ̀, ìdáhùn wọn sì bára mu látòkè délẹ̀. Ẹ̀sùn náà nìyẹn o! Ọdún kejì tí àwọn ológun gbàjọba ni, bébà ti wọ́n bí ojú. Orí síléètì ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn a nù ún, ìdáhùn nìkan ni wọ́n ń kọ sórí bébà. Gbádéyan kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà tó gbà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Èyí tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Evelyn, ọ̀rẹ́ Monílọ́lá, rọra sọ fún un láti orí ìjókòó iwájú pé kó yáa dárúkọ ọmọkùnrin náà, ṣebí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ọkàn Monílọ́lá fẹ́ẹ́ yẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ni ìyá rẹ̀ ti ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko Omifunfun lọ tà nítorí ìdánwò yìí. Ó wojú Rìlwánù, inú sì bí i gidigidi. Kí òun purọ́ mọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan?

Ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tú òjìdínnírinwó tó wà nínú mẹ́wàá yẹn fún wa lójú pátákó. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Olùkọ́ ìbá nà án lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ń wò ó. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi ogún lọ́nà méjìdínlógún bẹ̀rẹ̀. Rìlwánù ní mẹ́rìndínlógójì lọ́nà mẹ́wàá lòun fi bẹ̀rẹ̀ tòun; Monílọ́lá ní èjì lòun fi ń pín in lọ. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì dúró, èjì mẹ́ta, ẹ̀ta méjì àti àrún kan ló wà lójú pátákó, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí bébà àwọn méjèèjì.

"Sà," ni Monílọ́lá wí, "lára ta lẹ ti jí tiyín wò?"

Gbádéyan nu pátákó. Ó dá orúkọ àwọn méjèèjì padà sínú ìwé àwọn tó máa ṣe ìdánwò, ó sì na Monílọ́lá lẹ́gba mẹ́ta pé ó ya aláfojúdi. Kò tọrọ àforíjì di òní.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà tí a ń gbà tú nọ́mbà lè pọ̀, ibi kan náà ni yóò já sí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni òtítọ́ rí. Ẹ má ti ẹlòmíràn sínú ìyà kí ẹ̀yin lè bọ́. Ẹgba mẹ́ta ta Monílọ́lá lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun àti Rìlwánù jọ jókòó ṣe ìdánwò náà ni.