Àwòrán Ẹlẹ́rìn-ín

Aṣọ tí àwọn ènìyàn kó wá kò kún àpótí kan ṣoṣo. Adúmáadán tú u sórí tábìlì nínú kíláàsì wọn, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó ni ín ì bá ti dà sí ààtàn tẹ́lẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní bọ́tìnì, ṣòkòtò tí orúnkún rẹ̀ ti lu, bàtà ẹsẹ̀ òsì tí kò ní ìkejì. Ó gbé bàtà náà sókè. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Adúmáadán.

Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ tí yóò máa tọrọ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ìdílé tí iná jó ilé wọn lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ìlagi. Ilé gbọọrọ kan ni, yàrá kan fún ìdílé kan. Ọ̀sán gangan ni iná náà sọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn wà níbi iṣẹ́. Ẹ̀mí kankan kò bá a lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n ti fi òógùn ojú kó jọ di eérú. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n máa sùn nínú gbọ̀ngàn ńlá fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ pín ibẹ̀ sí yàrá kéékèèké.

Ìdílé Bàbá Káfíńtà wà lára wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin àti Adúmáadán ni wọ́n jọ ń jókòó lórí àga kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọmọ yìí, nítorí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣẹ́ mọ́ tíṣà ìṣirò lọ́wọ́, yóò ti fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ìwé, èjìká rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Lẹ́yìn tí iná jó ilé wọn, kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé inú gbọ̀ngàn ni òun ń sùn. Ní àárọ̀, yóò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, yóò yí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ká, yóò sì tún bá àwọn yòókù gba iwájú wọlé bí ẹni tó ti ilé bọ̀. Adúmáadán nìkan ló mọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ló sọ fún un.

Àǹtí tó ń kọ́ wọn ní yíyàwòrán ló ń bójú tó ẹgbẹ́ náà. Ó ti kìlọ̀ fún wọn pé wọ́n lè ya àwòrán ilé tó jó bí ó ti wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ya ojú ènìyàn láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹni náà. Adúmáadán gbọ́ràn. Ó fi fóònù ya ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú, ó ya irin bẹ́ẹ̀dì tó ti lọ́, ó sì gbé wọn sí ojú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n sì kọjá lọ.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ń pè ní Gbajúmọ̀, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ orí fóònù ló yé e. Ó wo àwọn àwòrán náà, ó mi orí. 

"Ògiri kì í pa ènìyàn lẹ́kún," ó wí. "Bí o bá fẹ́ kí wọ́n la ọwọ́, ojú ènìyàn ni kí o fi hàn wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adúmáadán létí, kò sì jáde mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kọjá, ó sì rí Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un wà lórí okùn, ó ń kán tó, tó. Aṣọ ìyá rẹ̀ ló wọ̀, ó tóbi jù ú lọ, ó sì ti yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀ kan. Ó jókòó sórí bókẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, ó ń sunkún bí ẹni tó ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń wo òun.

Adúmáadán fẹ́ sáré lọ dì í mú. Kí ẹsẹ̀ tó gbé, ọwọ́ ti gbé: fóònù ti wà níwájú ojú rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàn sí omijé náà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ padà sẹ́yìn.

Ó bá ara rẹ̀ jiyàn títí ó fi délé. Ó ní bí òun bá lọ tọrọ àṣẹ, Ẹlẹ́rìn-ín yóò kọ̀. Ó ní nítorí rẹ̀ náà sì ni, bí ìrànlọ́wọ́ bá dé, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dára kì í wá àwáwí tì. Ó gbé àwòrán náà jáde, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ yìí kò nílé mọ́. Ẹ ṣàánú rẹ̀."

Àánú náà dé lóòótọ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ti ń já fóòmù tuntun sílẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn. Oníṣòwò kan kó aṣọ wá nínú ọ̀rá tí wọn kò tíì tú. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pe Adúmáadán jáde, ó ní ọmọ tó ní làákàyè ni. Gbajúmọ̀ gbá a léjìká. Inú Adúmáadán dùn, ṣùgbọ́n kò dùn dé ìsàlẹ̀, nítorí pé láti àárọ̀ ni àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga ti ṣófo.

Ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ló ti gbọ́ bó ṣe jẹ́. Bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe ń gba iwájú wọlé pẹ̀lú àwọn yòókù ní àárọ̀, ẹnì kan nàka sí i, ó ní, "Òun nìyẹn." Obìnrin kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá sì fi owó sí i lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, ó ń pè é ní ọmọ aláìnílé, ó ń kí i kú ìyà. Ẹlẹ́rìn-ín dá owó náà padà, ó yí ẹ̀yìn, ó lọ. Nígbà tí Bàbá Káfíńtà gbọ́, ó ká ẹní wọn, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó sì kó ìyàwó àti ọmọ jáde. Fóòmù tí wọ́n já sílẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀, kò fi ọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ náà, Adúmáadán lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ láti bá a gbálẹ̀, nítorí onígẹrun ni. Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ ń fi fóònù han ara wọn. Ọ̀kan ní àánú ọmọ náà ṣe òun. Ìkejì ní òun náà káàánú rẹ̀, àmọ́ ẹ wo bí imú rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adúmáadán gbé ìgbálẹ̀ tì, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá rẹ̀ bi í léèrè, ó sì jẹ́wọ́. Bàbá náà kò pariwo. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu irun kúrò lára ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀.

"O rí aṣọ tí mo ta sí ẹnu ọ̀nà yìí," ó wí. "Orí tí mo bá gẹ dé ìdajì, n kì í jẹ́ kí ará ìta rí i. Kì í ṣe pé orí náà burú. Kò tíì parí ni. Ọmọ yẹn wà nínú ohun tí kò tíì parí, ìwọ wá ká aṣọ fún gbogbo ayé."

"Ìrànlọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe, Bàbá."

"Mo mọ̀. Òun ni kò jẹ́ kí n nà ọ́."

Adúmáadán pa àwòrán náà rẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ti mú un, wọ́n ti gbé e kiri, orúkọ tí kò mọ̀ rí ló ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Àǹtí, ó sọ gbogbo rẹ̀. Àǹtí gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kó dúró níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kó sọ ohun tó ṣe. Ó sọ ọ́. Kò fi ohun kan pamọ́. Àwọn kan tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un níjọ́sí ló kọ́kọ́ yínmú sí i.

Lẹ́yìn náà, òun àti Àǹtí wá ìdílé náà lọ. Wọ́n bá wọn nínú ilé tí àbúrò Bàbá Káfíńtà kò tíì kọ́ parí, tí kò ní fèrèsé, tí kò ní ilẹ̀kùn. Bàbá Káfíńtà wà níwájú ilé, ó ń fá pákó. Adúmáadán kúnlẹ̀ sínú èérún igi, ó sì bẹ̀bẹ̀.

"Dìde," ni ọkùnrin náà wí. Ó fá pákó náà síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo ni ọmọ mi sọ ibi tó ń sùn fún. Ìwọ ni."

Adúmáadán ti rò pé yóò bú òun, ó sì ti múra sílẹ̀ fún èébú. Èyí ni kò múra sílẹ̀ fún.

Bàbá Káfíńtà yíjú sí Àǹtí. "Ẹ kó fóòmù wá, ẹ kó aṣọ wá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí pé, 'Káfíńtà, kí lo nílò?' Irinṣẹ́ mi ló jóná. Ìfági tó wà lọ́wọ́ mi yìí, mo yá a ni. Bí mo bá ní ayùn àti ìfági tèmi, kò sí ẹni tí yóò tún tọrọ aṣọ fún ọmọ mi."

Ẹlẹ́rìn-ín yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo Adúmáadán, ó sì wọlé padà.

Bí wọ́n ti ń padà lọ, Adúmáadán bi Àǹtí bóyá wọ́n lè lọ bi àwọn yòókù ní ìbéèrè náà. Wọ́n lọ. Télọ̀ inú wọn ní ẹ̀rọ ìránṣọ lòun ń fẹ́. Obìnrin tó máa ń fọṣọ fún ènìyàn ní kí wọ́n bá òun wá ọpọ́n àti áyọ́ọ̀nù. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó tọrọ bàtà. Láti ibẹ̀ ni èrò náà ti wá pé kí ẹgbẹ́ náà yá irinṣẹ́ káàkiri, kí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wọ̀nyí wá ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí ará ìlú gbé àga tó ṣẹ́ àti aṣọ tó ya wá, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́. Bàbá Káfíńtà pẹ́ kó tó gbà. Ó ní òun ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ o, òun kò bọ̀ wá jókòó kí wọ́n máa wo òun.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, àga tó ṣẹ́ tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé àwọn kan lọ fọ́ àga wọn nílé kí wọ́n má bàa gbẹ́yìn. Adúmáadán kì í ṣe olórí ohunkóhun. Ó ń ru àga, ó ń gbá èérún igi, ó ń bu omi fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó gbé àga wá kò fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń dúnàádúrà ni, wọ́n ń bẹ Káfíńtà kó tètè dá tàwọn lóhùn. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ tó ra irinṣẹ́, ó sì kù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òrùlé ilé gbọọrọ náà.

Ẹlẹ́rìn-ín padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àga mìíràn ló lọ jókòó sí, pẹ̀lú ọmọ mìíràn. Adúmáadán kò lọ fà á láṣọ. Ó ń kí i ní àárọ̀, nígbà mìíràn a máa dáhùn, nígbà mìíràn kì í dáhùn.

Nígbà tí òrùlé parí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kó padà. Bàbá Káfíńtà ń de ilẹ̀kùn mọ́ yàrá wọn, ó sì pe ẹni tí yóò bá a gbé e dúró. Ẹlẹ́rìn-ín di apá kan mú. Apá kejì kò rí ẹni dì í mú, ni Adúmáadán bá sún mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì gbé ilẹ̀kùn náà dúró, bàbá sì ń kan ìṣó.

"N kò tíì gbàgbé o," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Mo mọ̀."

"Ó dáa. Gbé ọ̀dọ̀ rẹ sókè díẹ̀, ó ti ń wọ́lẹ̀."

Adúmáadán gbé e sókè, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀kùn náà fi wọ àyè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó dára kí a ṣàánú ẹni tí ìyà ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ ní iyì, ó sì ní ẹnu tí yóò fi sọ ohun tó ń fẹ́. Ẹ bi í kí ẹ tó ṣe é. Ọrẹ tó bá ta ìtìjú ẹni ní ọjà, bí ó ti wù kó pọ̀ tó, ẹni tó gbà á ló san owó rẹ̀.