Orúkọ Tí Hafsath Kọ Pa Mọ́

"Tọ́ ọ wò!" Obìnrin náà gbé ìgò kan kalẹ̀ gbàgà sórí tábìlì Hafsath. "Tọ́ ọ wò, kí o sọ fún mi bóyá oyin nìyẹn."

Hafsath da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ahọ́n kàn án. Ṣúgà tí wọ́n sun dúdú, tí wọ́n fi omi là, ni. Ṣùgbọ́n bébà ara ìgò náà ló mú un dìde dúró. OYIN WÚRÀ AGOUA ni wọ́n kọ sí i lédè Faransé, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Agoua ló fa oyin náà.

Ève ni àlejò yìí ń jẹ́, ọmọ Kútọnu tó ń ta oúnjẹ ilé ní Faransé. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí oyin náà. Ó fi owó ránṣẹ́, igba ìgò ṣúgà ló sì gbà. Ọdún 1999 nìyẹn. Ní Savalou, àwọn tó mọ ohun tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n Hafsath, tó ń tẹ̀wé tó sì ń ṣe fọ́tókópì lẹ́yìn ọjà, mọ̀ ọ́n. Òun ló ṣe ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ abúlé Agoua, nítorí Kadidjatou, àbúrò ìyá rẹ̀, ni olórí wọn. Àdírẹ́sì àti tẹlifóònù ìsọ̀ rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò sì ta ohunkóhun tó ń jẹ́ Oyin Wúrà rí.

Ève ti fẹjọ́ sùn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá jàndámù pe Kadidjatou sí ọ́fíìsì wọn ní Bantè.

"Ta ló gba owó obìnrin yìí?" Ésaïe, ọ̀gá wọn, ló bi í.

"Mi ò mọ̀."

"Orúkọ ẹgbẹ́ yín ló wà lára ìgò."

"Ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ lọ bi."

"Ìyá, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ dá owó rẹ̀ padà, kí ọ̀rọ̀ tán."

Kadidjatou tún gèlè rẹ̀ wé le. "Ọdún mọ́kànlá ni oyin ti ń ta mí. Mi ò se ṣúgà fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni."

Ésaïe fún wọn ní oṣù kan. Bí wọn kò bá rí olè náà, Kadidjatou ni yóò dé iwájú adájọ́.

Hafsath wọ takisí, ó di Kútọnu. Ní ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan, ó tẹ "oyin Bénin" sínú ẹ̀rọ ìwákiri. Ewé olè náà ló kọ́kọ́ jáde. Tiwọn fara sin sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nọ́ńbà tẹlifóònù tó wà lórí ewé olè náà, ẹnikẹ́ni kò gbé e.

Ó wá ṣí orí ewé méjèèjì wò. Gbogbo ojú ewé ló ní orí tí òǹkàwé kì í rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ ìwákiri ohun tí ewé náà dá lé. Olè náà ti kọ oyin síbẹ̀, ó kọ Bantè, ó kọ Agoua, kódà ó kọ Kadidjatou. Orí ewé tirẹ̀ ńkọ́? "Ẹ káàbọ̀" nìkan ni Hafsath kọ sí i. Ojú tì í.

Ó tún un kọ. Ó sọ àkọlé rẹ̀ ní "Oyin igbó Agoua, Bantè, Bénin". Ó kọ àlàyé kúkúrú tí ẹ̀rọ ìwákiri yóò máa gbé jáde lábẹ́ àkọlé: "Àwa obìnrin Agoua nìkan ló ń ta oyin yìí. A kò ní aṣojú. Olè ni Oyin Wúrà Agoua." Ó ṣa ọ̀rọ̀ mélòó kan tí oníbàárà lè tẹ̀, ó kọ wọ́n pa mọ́ sórí ewé. Èyí tó kọ kẹ́yìn ni orúkọ tí olè náà ń lò. Ó fi ewé náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ ìwákiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì padà sílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tẹlifóònù ìsọ̀ rẹ̀ dún.

"Yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò," ohùn ọkùnrin kan wí.

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Àwọn oníbàárà mi ń tẹ orúkọ mi, ewé tìrẹ ló ń jáde. Yọ ọ́, àbí kí n dáná sun ìsọ̀ rẹ."

"O mọ ibi tí mo wà. Wá yọ ọ́ fúnra rẹ."

Ó sọ fún Ésaïe. Jàndámù méjì wọ aṣọ ilé, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ bí oníbàárà. Ní ọjọ́rú, ọkùnrin kan tó fi aṣọ bojú gun alùpùpù dé, ó rí bàtà ìjọba lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, ó sì yí orí ọkọ̀ padà. Wọ́n lé e dé ojú ọ̀nà Bantè, eruku gbé e mì.

"Kò ní wá mọ́," ni Ésaïe wí.

"Yóò wá. Ọjà rẹ̀ kò tà mọ́." Hafsath kọ lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì sí àdírẹ́sì tó wà lórí ewé olè náà: "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Kadidjatou àti Ésaïe ti fara pa mọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé láti àárọ̀.

"Àǹtí, ìjà kọ́ ni mo bá wá," ó wí. "Orúkọ yẹn kì í ṣe tìrẹ. O kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́ sórí ewé rẹ."

"Ta ló ni Oyin Wúrà Agoua?"

"Èmi ni! Èmi ni mo dá a sílẹ̀!"

Aṣọ ìkélé ṣí. "Nazif," ni Kadidjatou wí. Alágbàtà tó ń ra oyin wọn ní owó pọ́ọ́kú tẹ́lẹ̀ ni, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fúnra wọn.

Nazif fò sẹ́yìn. Kadidjatou ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na apá méjèèjì. "Gbá mi ṣubú, bí o bá tó bẹ́ẹ̀."

Kò tó bẹ́ẹ̀. Ésaïe ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Nínú yàrá tó háyà, wọ́n bá ìkòkò ṣúgà, ìgò òfìfo, kọ̀ǹpútà àti èyí tó pọ̀ jù nínú owó Ève.

"Kí ló dé tí o fi orúkọ wọn ṣe é?" Ésaïe bi í.

Nazif sorí kọ́. "Wọ́n ní àwọn kò nílò mi mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n bàjẹ́."

Ève gba owó rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kadidjatou, ó sì ní òun fẹ́ oyin tòótọ́. Ésaïe fa ìwé ẹjọ́ náà ya.

"Ìyá, ẹ máa lọ sílé. Ó ti tán."

"Kò tán," ni Kadidjatou wí. "Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ń pè mí ní olè ní Bantè. Ìwé tí o fà ya yẹn, ta ló rí i?"

Ésaïe dé fìlà rẹ̀, ó tẹ̀ lé e wọ ọjà Bantè, ó dúró láàárín àwọn obìnrin, ó sì fi ohùn rara sọ pé Kadidjatou kì í ṣe olè.