Ọjọ́ Tí Kíkẹ́ Máa Bomi Rin Àgbàdo Rẹ̀

Orí àkàbà ni Láyí wà, tó ń tú ìdí ẹ̀rọ amúlétutù, nígbà tí omidan kan wọlé, ó di ìgò mẹ́rin mọ́ àyà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ooru ti fẹ́ pa yín."

"A dúpẹ́ o," ni Láyí dáhùn lókè, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó fẹ́ pa mí lóòótọ́."

Ẹ̀rín pa omidan náà débi pé díẹ̀ ló kù kí ìgò bọ́. "Ẹ má bínú. Àwọn ọmọ mi ni mò ń kí."

Àgbàdo tíńtín ló wà nínú ìgò, wọ́n ta gbòǹgbò sínú oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ. Kíkẹ́lọmọ lorúkọ rẹ̀. Ní iléewé gíga kan ní Yaba, lọ́dún 1988, ọdún kẹta rẹ̀ rèé tó ti ń tọ́ àgbàdo nínú ìgò, tó ń wá èyí tí ọ̀dá ò ní lè pa.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan mọ́, Láyí á ní òun fẹ́ wá wò ó. Láti ìsọ̀ rẹ̀ ní Mushin! Kò pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń wá wò. Nígbà tó yá, ó là á mọ́lẹ̀.

"Kíkẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Oníwàǹwára! Irúgbìn ogójì péré ni mo rí kó lára àwọn tó ti inú ìgò jáde. Mo ti gbin ogún, wọ́n sì ti yọ ewé. Wọn ò ní fojú kan omi fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, màá bomi rin wọ́n, ká wo èyí tó máa jí. Ọjọ́ yẹn ni kó o tún bi mí."

Ọjọ́ mẹ́rìnlá kẹ̀! Fún ẹni tí kì í lè dúró kí ẹ̀bà tutù!

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá Kíkẹ́ ránṣẹ́ pè é sí Iléṣà. Kíkẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ abà tí wọ́n fi ọ̀rá bò, níbi tí àgbàdo wà, lé Láyí lọ́wọ́. "Bá mi lé ewúrẹ́. Má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

Láyí wọlé, ó rí i pé ewé àgbàdo ti ká jọ bí ẹní. Àánú ṣe é. Àbí kí n sọ òótọ́? Àánú nìkan kọ́, ojú ló ń kán an sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó pọn omi garawa méjì, ó bù ú sí wọn nídìí tìfẹ́tìfẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?" ni Kíkẹ́ bi í nígbà tó dé.

"Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n o, omi ni mo bù sí wọn. Ó yá, ṣé kí n bi ẹ́?"

Ilẹ̀ ni Kíkẹ́ jókòó sí. "Yé! O pa mí, Láyí. Ọ̀dá ọjọ́ mẹ́sàn-án ò lè fi nǹkan kan hàn mí. Ó ku ogún péré. Bí ìyẹn náà bá bàjẹ́, ọdún mẹ́ta mi ti wọgbó. Jáde! Mi ò fẹ́ rí ẹ títí màá fi parí."

Ó gbin ogún tó kù. Ìròyìn ẹnu Múrítàlá, tó ń ṣọ́ géètì iléewé, ni Láyí wá fi ń sùn. Ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó lọ ra irin iṣẹ́ ní Ládìpọ̀, ó sanwó, ó sì gbàgbé ẹrù síbẹ̀. Á rìn dé géètì, á tún padà. Nígbà tí Múrítàlá sọ pé Kíkẹ́ ti dá omi dúró, Láyí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejìlá, òjò tí ẹnikẹ́ni ò retí ṣú. Láyí ju irin iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé tàpólì tó fi ń bo ẹrù, ó di orí ọ̀kadà. Atẹ́gùn ti fa ọ̀rá abà ya. Kíkẹ́ ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọ̀rá náà mú, ó sì ń sunkún. Láyí ò kí i. Ó gun orí àpótí, ó ta tàpólì bo ibi tó ya, ó dì í mú títí òjò fi dá. Àwọn méjèèjì rin gbingbin, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan ò kan àgbàdo.

"Ta ló ní kó o wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni o, kì í ṣe èmi."

"Máa lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Kíkẹ́ ní kí wọ́n pè é. Ó gbé ife lé e lọ́wọ́. "Bomi rin wọ́n. Rọra o, ìdí ni, má bù ú sí ewé."

Láyí lóṣòó tì wọ́n. Ó bomi rin gbogbo ogún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ife sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ewé wọn.

"Kí ló dé? O ò bi mí mọ́ ni?"

"Jẹ́ ká dúró ná, ká wo èyí tó máa jí."

"Èmi ò lè dúró mọ́, Láyí mi. Bi mí!"

"Kíkẹ́lọmọ, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. Bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ kú."

Wọn ò kú tán. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n mu omi, méje na ewé. Kíkẹ́ ń kà wọ́n, ó tún ń kà wọ́n, Láyí sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti garawa omi, ó ń retí kí Kíkẹ́ ní kí òun bù ú.