Iyọ̀ Tó Dín ní Abà Ṣítù

Hàjàrá gbé ìkòkò iyọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó ṣí i, ó sì dákẹ́. Àpèkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń rẹ́ ilá lẹ́bàá ààrò, kò gbójú sókè. Láti ọjọ́ ọjà tó kọjá ló ti ń retí ìdákẹ́ yìí.

"Àpèkẹ́."

"Ìyá."

"Ta ló ń wọ ilé ìdáná yìí bí mi ò bá sí nílé?"

Àpèkẹ́ ní òun kò mọ̀. Ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e lọ́mọ ìka, ó sì ki ìka náà bọ ẹnu kí ìyá rẹ̀ má baà rí i.

Ká ní iyọ̀ ilé kan ṣoṣo ni, ìyá ì bá fún ọmọ ní ìgbátí, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Iyọ̀ gbogbo abà ni. Ọdún tí ogun Ìjàyè gbóná ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, tí ọ̀nà etíkun dí, tí iyọ̀ sì di ohun tí àgbàlagbà ń fi ọmọ ìka tọ́ lá bí oyin. Gbogbo ilé tó wà ní Abà Ṣítù, lọ́nà Lálúpon, ló dá iṣu jọ, tí Jùbrílù, ọ̀kan nínú wọn, sì kó o lọ sí Ìbàdàn lọ fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n kó iyọ̀ náà fún Hàjàrá pé kó máa pín in fún wọn, nítorí pé obìnrin náà kì í fi ọwọ́ kan ohun olóhun. Ìkòkò tó yẹ kó kún dé ọrùn ti wá fà dé ìdajì.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló fà á. Bí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ Àpèkẹ́ bá ń pọnmi bọ̀ láti odò, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wọn a máa dún lábẹ́ aṣọ. Fàtímọ̀, ọmọ Jùbrílù, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Àpèkẹ́ tímọ́tímọ́, a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àwa ń dún bí a bá ń rìn, ìwọ ń lọ bí ológbò." Nígbà tí alájàpá kan gbé ìlẹ̀kẹ̀ kọjá, tó ní iyọ̀ lòun yóò gbà dípò rẹ̀, Fàtímọ̀ ní, "Díẹ̀ ni. Ta ni yóò mọ̀?" Àpèkẹ́ bu díẹ̀. Alájàpá ní kò tó. Ó padà lọ bù sí i, ó sì gba ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní díẹ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Bí àwọn ọkùnrin ṣe kírun ìrọ̀lẹ́ tán, Hàjàrá gbé ìkòkò náà wá sí iwájú ilé Ṣítù, baba arúgbó tó tẹ abà náà dó. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Iyọ̀ yín ti dín," ló wí, "ọwọ́ mi ló sì ti dín." Kò sí ẹni tó bèèrè pé ta ló mú un. Ojú gbogbo wọn yí sí Lìádì.

Ọmọ àbúrò Ṣítù ni Lìádì, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ti tẹ̀ lé jagunjagun kan lọ sí bùdó ogun Ìjàyè. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá wọ oko olóko, ebi ni yóò pa á sùn. Nígbà tó kọ́kọ́ wálé, ó fa ewúrẹ́ méjì tí wọ́n kó ní oko Ìjàyè bọ̀, àwọn obìnrin kọrin fún un, gbogbo abà sì jẹ ẹran. Jùbrílù náà jẹ, ó tún pè é ní akọni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ewúrẹ́ Jùbrílù fi di àwátì, wọ́n sì bá Lìádì létí odò níbi tó ti ń bó awọ rẹ̀. Akọni di olè lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ní kí wọ́n tà á lẹ́rú, ṣùgbọ́n Ṣítù kọ̀.

"Ewúrẹ́ Ìjàyè tó fà wálé, ta ni kò jẹ nínú rẹ̀?" Ìbéèrè tí baba náà bi wọ́n lọ́jọ́ yẹn nìyí. "Ogun ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí wá, àwa la sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Èmi ni onídùúró rẹ̀. Bó bá tún mú ohun olóhun, ẹ tà á, kí ẹ sì gba oko mi."

Wọ́n wá ní kí Lìádì máa da ewúrẹ́ Jùbrílù jẹ̀ títí wọn yóò fi bímọ dípò èyí tó pa. Ó ṣe é. Òjò ọdún kan gbáko ti rọ̀ lé e lórí nídìí ewúrẹ́ yẹn, kò sì sí ohun tó sọnù. Síbẹ̀, bó bá ń kọjá, àwọn obìnrin a máa fa agbọ̀n wọn mọ́ra. Àpèkẹ́ náà a máa fa tirẹ̀.

"Ṣé ó tún kù tí à ń bèèrè ni?" Jùbrílù dìde. Kì í ṣe ènìyàn búburú, àmọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ ò tíì tán nínú rẹ̀. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Mi ò mú iyọ̀," ni Lìádì wí.

Jùbrílù kò dá a lóhùn. Ó kọjú sí Àpèkẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo máa ń wà nílé. Ǹjẹ́ Lìádì dé ilé ìdáná ìyá rẹ?"

 Lóòótọ́, Lìádì dé ibẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó wá fọn iná. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tó na àpáàdì wọlé; Àpèkẹ́ fúnra rẹ̀ ló kó ẹ̀yinná sí i, ó sì dúpẹ́, ó lọ. Nísinsìnyí, Fàtímọ̀ tó dúró lẹ́yìn Àpèkẹ́ já a léèékánná lápá. "Sọ pé o rí i," ló sọ sí i létí. "Olè kúkú ni tẹ́lẹ̀."

"Mo rí i," ni Àpèkẹ́ wí.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, òun náà sì ni irọ́ tó burú jù tó tíì pa láyé rẹ̀. Ariwo sọ. Lìádì ń wò ó, ó ń retí kó parí ọ̀rọ̀ náà, kó sọ ti iná, kó sọ ti ẹnu ọ̀nà. Àpèkẹ́ sorí kọ́. 

Jùbrílù tún yíjú sí Ṣítù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀. "Baba, ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀yin ni onídùúró rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé wàláà yín wá. Bó bá dá yín lójú pé ọwọ́ ọmọ yìí mọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé e, kí ẹ búra. Bí ẹ bá ti búra, àwa ti gbà."

Wọ́n gbé wàláà náà jáde, pákó tí baba náà fi ń kọ́ Àlùkùránì láti ìgbà tó ti gba ẹ̀sìn. Gbogbo abà ló mọ̀ pé Ṣítù bẹ̀rù ìbúra ju ikú lọ. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà dé òkè wàláà, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbójú wo Lìádì, ìbéèrè ló sì wà lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò rí i. Lìádì rí i ju gbogbo wọn lọ.

"Ẹ má búra, Baba," ni Lìádì wí. "Èmi ni mo mú un."

Ṣítù sọ ọwọ́ sílẹ̀. Kò bínú, ó kàn fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí ọ̀nà jíjìn ti rẹ̀. Wọ́n bi Lìádì pé níbo ni iyọ̀ wà, ó ní òun ti tà á. Wọ́n ní ta lo tà á fún, ó ní òun kò mọ ẹni náà. Kò sí ẹni tó ro ìdáhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni. Jùbrílù àti ọkùnrin méjì so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní Ìbàdàn làwọn ń mú un lọ lójú ẹsẹ̀, sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra ènìyàn, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Àpèkẹ́. Kí ló dé tí ó fi gbà? Ṣé ènìyàn lè gba ohun tí kò ṣe? Fàtímọ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "O gbọ́? Ó ti jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ti bù ṣe." Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò náà ti le jù. Ẹrù Àpèkẹ́ ti rí alárù. Bó bá pa ẹnu mọ́, ìyá rẹ̀ kò ní tẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ yóò jẹ́ tirẹ̀, gbogbo ayé yóò sì sùn. Gbogbo ayé, àyàfi ọ̀dọ́kùnrin kan, àti òun náà tó bá rántí.

Wọ́n fa Lìádì kọjá níwájú rẹ̀. Ó dúró díẹ̀. Àpèkẹ́ rò pé ó fẹ́ gégùn-ún fún òun.

"Iná tó o fún mi láàárọ̀," ni Lìádì wí jẹ́jẹ́, "mo dá a sábẹ́ àgbàdo Baba pé kó gbẹ. Bá mi lọ wò ó, kó má lọ jó ilé mọ́ wọn lórí."

Wọ́n ti ń fà á lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ tà, ilé ẹlòmíràn ló ń rò. Ohun tó wà nínú Àpèkẹ́ já.

"Èmi ni," ló wí. Ó bọ́ síwájú, ó ki ọwọ́ sábẹ́ ìró, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó sì jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. "Èmi ni mo bu iyọ̀! Iná ni Lìádì wá fọn, kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀, mo sì pa á mọ́. Èmi ni mo fi iyọ̀ ra èyí."

Hàjàrá wò ó, ó wo ìlẹ̀kẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Kò nà án. Ì bá sàn fún Àpèkẹ́ ká ní ó nà án. Fàtímọ̀ ti lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn obìnrin, Àpèkẹ́ kò sì dárúkọ rẹ̀.

Jùbrílù tú okùn náà fúnra rẹ̀. Ṣítù rìn wá. "Lìádì, kí ló dé tó o fi gba ohun tí o kò ṣe?"

"Mo rí ọwọ́ yín, Baba."

Ṣítù wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ó gbọ̀n," ni Lìádì wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí jù, ọwọ́ yín sì gbọ̀n. Bí ẹ bá búra bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní sùn mọ́. Mo ní kí n kúkú jẹ́ olè tí gbogbo yín ń wá, kí ọkàn yín lè balẹ̀."

Omi bọ́ lójú arúgbó náà. "Mo jẹ̀bi rẹ," ló wí, kò sì rọra sọ ọ́. "Ojú gbogbo ènìyàn ni mo ti ṣiyèméjì, ojú gbogbo ènìyàn ni mo ti ń bẹ̀ ọ́." Jùbrílù náà bẹ̀ ẹ́. Ó ṣòro fún un, àmọ́ ó bẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà kan mi orí sí Àpèkẹ́, ó ní, "Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, tó bá dàrán borí..."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má pa òwe yẹn tán," ni Lìádì wí. "Mo ti wọ aṣọ olè tó ń sọ. Mo mọ bó ṣe wúwo tó."

Wọn kò ta Àpèkẹ́, wọn kò sì dà á láàmú, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́ oko fún ilé kọ̀ọ̀kan títí iṣu tó lè ra iyọ̀ míì yóò fi pé. Wọ́n gba ìkòkò kúrò lọ́wọ́ Hàjàrá, wọ́n gbé e lọ sí ilé mìíràn. Ìyẹn ló dun Àpèkẹ́ jù, nítorí ìyá rẹ̀ kò ṣẹ̀. Fàtímọ̀ kò bá a lọ sódò mọ́. Bó bá sì wọ agbo àwọn obìnrin, yóò rí ọwọ́ tó ń fa agbọ̀n mọ́ra, díẹ̀díẹ̀, bíi pé afẹ́fẹ́ ló ń tì í.

Lọ́jọ́ kan, ní oko Jùbrílù, ó jókòó sórí ebè, ó ń sunkún. Lìádì tó ń kọ ebè nítòsí wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àpèkẹ́ wí, "ìgbà wo ni wọ́n máa gbàgbé?"

Lìádì rò ó. Kò fẹ́ purọ́ fún un. "Wọn ò ní gbàgbé," ló wí. "Àmọ́ ó máa rẹ̀ wọ́n láti máa ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n bá ọ lẹ́nu iṣẹ́."

Àpèkẹ́ nu ojú, ó gbé ọkọ́, ó sì dìde.

Olè jíjà burú, kò sí àwíjàre kankan fún un, ẹni tó bá sì jẹ ohun olóhun yóò san án. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ẹni tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ibi, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ibi tí ẹ ó máa da ẹ̀ṣẹ̀ tiyín sí. Ẹni tó ti yí padà tí a kò yéé pè ní olè, orúkọ tuntun tó fi òógùn ojú wá là ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa gan-an ló wá di olè.