Ẹrù Orí Àwọn Obìnrin Símẹ́ǹtì

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní àlọ́, kó wa mọ́tò rẹ̀ dé Stafford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ní ọ̀sán gangan, kó dúró níwájú ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé ìtajà táyà, kó wo òrùlé ìloro rẹ̀ dáadáa, kó tó wá bá wa jiyàn.

Ọmọ́yẹni ni orúkọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Òpó ló ń ṣe jẹun. Ẹ wo ìlú Houston yìí: àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n rí, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ kankan wà níbí, síbẹ̀ òpó wọn ló kún gbogbo ìlú. Ilé ẹjọ́, báńkì, ilé ọlọ́lá, títí kan ọ́fíìsì oníṣègùn eyín! Òpó roboto, tó nílà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó wé gèlè òkúta lórí. Ọmọ́yẹni ń fi símẹ́ǹtì dà wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Inú wọn ṣófo. Ẹwà lásán ni wọ́n. Irin tó wà nítòsí wọn ló ń gbé òrùlé.

Lọ́jọ́ kan, ó rí àwòrán kan nínú ìwé ilé-ìwé Inúolúwa, ọmọ rẹ̀. Obìnrin mẹ́fà ni, tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ní ìlú Áténì, ó ti lé ní ẹgbàá ọdún. Wọ́n dúró dípò òpó. Òrùlé wà lórí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ti gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ́yẹni fi ìka kan orí wọn.

"Wò ó! Òṣùká ni wọ́n fi sórí yìí!"

"Òṣù-what?"

"Aṣọ tí a ń ká sórí kí ẹrù má baà dun ni. O ò mọ òṣùká? Èmi náà ni mo jẹ̀bi, èmi tí mò ń fi gẹ̀ẹ́sì tọ́ ẹ."

Inúolúwa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, Houston ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ èyí tó lè sọ ò ju ẹ káàárọ̀, ẹ ṣé, àti orúkọ oúnjẹ lọ.

Nígbà tí ìjọ wá ní kí Ọmọ́yẹni ṣe òpó mẹ́rin fún ìloro tuntun, ó ní obìnrin lòun máa ṣe. Àwọn àgbà ìjọ kùn. Ère kẹ̀? Níwájú ilé Ọlọ́run? Ọmọ́yẹni ní ère kọ́, òpó ni. Bí obìnrin yẹn bá ti fàáké kọ́rí, ó parí.

Ojú tó máa lò ló kù. Ó ní kí Inúolúwa sùn sórí tábìlì, ó ki stíróò sí ihò imú rẹ̀ kó lè máa mí, ó da pilasítà bò ó lójú. Ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ náà ò mira. Ojú kan yẹn ló fi da obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó ń gbé wọn dúró, ó fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀ láàrin òṣùká wọn àti òrùlé, torí símẹ́ǹtì tínínrín ò lè gbẹ́rù. Òpó irin mẹ́rin tó wà lẹ́yìn wọn ló gbé òrùlé.

Ọjọ́rú, aago mẹ́ta ọ̀sán, iṣẹ́ parí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ. Oòrùn ń jóni lára. Ọmọ́yẹni ń kó irinṣẹ́ sínú ọkọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ mí o."

Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀. Ta ni kò gbọ́ irú ẹ̀ rí? Ẹni tó ru ẹrù dé ni, tó fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé e kalẹ̀. Ọmọ́yẹni rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ló gbé omi dé. Kò wẹ̀yìn.

"Mò ń bọ̀," ló wí.

Ìyá tó bí i ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé béèyàn bá gbọ́ ohùn, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó ń pè é kó tó dáhùn. Ẹnu ti yá jù. Nígbà tó fi máa yíjú padà, kò sí ẹnì kankan. Ariwo ọkọ̀ orí freeway, tí kì í dákẹ́ tọ̀sán-tòru, kò gbọ́ ọ mọ́. Eṣinṣin kan ò kùn. Obìnrin mẹ́rin ló dúró níbẹ̀. Ojú ọmọ rẹ̀, mẹ́rin, ń wò ó. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Inúolúwa. Lọ́jọ́ kejì, kò lè wo ẹ̀gbẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ya fọ́tò egungun rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó wọn gíga rẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Ọmọ náà ti fi ìbú ìka kan kúrú sí ti tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe ségesège," ni dókítà wí, àmọ́ kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n jókòó ti tábìlì oúnjẹ. Inúolúwa gbé ọwọ́ méjèèjì lọ sórí, bí ẹni di igbá mú. Ẹnu rẹ̀ là.

"Màámi, ẹ sọ̀ mí."

Ọmọ́yẹni tẹjú mọ́ ọn. Ọmọ yìí ò pè é ní Màámi rí.

"Kí lo wí?"

"I didn't say anything, Mummy."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Which word?" Omi ń dà lójú ọmọ náà. "Mummy, it's heavy."

Ẹ̀rù ba Ọmọ́yẹni débi pé ó di abọ́ mú kó má baà bọ́. Lẹ́yìn náà ni inú bí i, ìbínú sì lé ìbẹ̀rù jáde. Ọmọ kan ṣoṣo tóun bí! Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó forí lé Stafford.

Ó gun àkàbà. Àlàfo ìka méjì ti di. Bébà ò lè wọ ibẹ̀. Ó pe Bàbá Dáramọ́lá, ẹnjiníà tó ń bójú tó ilé ìjọ. Bàbá dé, wọ́n gun òkè lọ wo òpó irin. Bàbá yọ káàdì kan nínú àpò, wọ́n tì í sáàrin irin àti òrùlé. Káàdì wọlé, ó jáde lódìkejì. Bó ṣe rí nídìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn.

"Irin ò gbé nǹkan kan." Ohùn Bàbá ti wálẹ̀. "Ọmọ́yẹni, àwọn obìnrin rẹ ló ru ilé."

"Símẹ́ǹtì tó ṣófo ni wọ́n, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ká fọ́ wọn."

"Ẹ fọ́ kí ni? Orí ọmọ mi lẹrù wà! Ṣé a máa ń fọ́ ẹni tó ru ẹrù ni?"

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Ohun tí à ń ṣe fún ẹni tẹ́rù ń pa. Màá gbà á."

"Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ ìwọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà á ná."

Ó tú ìborí rẹ̀, ó ká a ní òṣùká, ó gbé e lé orí. Ó gun àkàbà títí orí rẹ̀ fi kan òrùlé láàárín gbùngbùn. Ó wo ojú obìnrin símẹ́ǹtì tó sún mọ́ ọn jù, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ó tó. Gbé e rù mí."

Gbogbo ayé dákẹ́. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó gbọ́ èémí mìíràn, mẹ́rin, tí wọ́n tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nǹkan kan bà lé e lórí. Kò já lù ú. Wọ́n rọra gbé e lé e ni, bí àwọn obìnrin ṣe ń gbé ìkòkò omi ru ara wọn. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ yẹ̀. Ó na án. Ó wa eyín pọ̀.

Fóònù dún nínú àpò rẹ̀.

"Mummy, it's gone! It just went!"

Bàbá Dáramọ́lá ti na ọwọ́ sórí òṣùká àwọn obìnrin náà. Àlàfo ìka méjì ti padà síbẹ̀. Wọ́n sáré lọ sídìí irin. Káàdì wọlé, ó jáde. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

"Kò sí lórí irin. Kò sí lórí wọn. Kí ló gbé e dúró?"

Ọmọ́yẹni ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òrùlé ò tẹ̀lé e.

Látọjọ́ náà, ọrùn rẹ̀ le gbọn-in. Ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, àmọ́ orí ò tẹ̀. Àwọn ará ìjọ ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ látìgbà tí gbogbo èèyàn ti ń yin ìloro rẹ̀. Ẹ sáà gbọ́! A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀; kò dá wọn lóhùn.

Ó di oṣù kẹjọ ọdún náà. Inúolúwa rí yunifásítì wọ̀ ní Dallas, òun àti ìyá rẹ̀ gbéra. Ọmọ ló ń wakọ̀. Wọ́n dé Greenspoint, ní àríwá Houston, orí Ọmọ́yẹni fúyẹ́ díẹ̀. Ó yí ọrùn sọ́tùn-ún. Ó yí i sósì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò ti lè yí i! Ọ̀nà ń jìn sí Stafford, orí ń fúyẹ́ sí i. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bóyá Ọlọ́run ti gbọ́.

Wọ́n dé Spring. Inúolúwa gbé ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárìn, ó fi di ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀ mú.

"Dúró," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mummy, we're on the freeway."

"Mo ní kó o yà kúrò lójú ọ̀nà níbi tó ń bọ̀ yẹn. Dúró!"

Ilé epo ni wọ́n dúró sí. Ọmọ́yẹni bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Máa lọ."

"Go where? What about you?"

"Sí ilé-ìwé rẹ. Èmi ń padà sílé."

"Then I'll take you."

"Inúolúwa!" Ó pariwo, ó sì tún rẹ ohùn sílẹ̀. "Bó o bá yí mọ́tò yìí padà, inú mi ò ní dùn sí ẹ láéláé. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Máa lọ."

Ọmọ náà sunkún, ó lọ. Ọmọ́yẹni kọjú sí Houston, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Orí rẹ̀ fúyẹ́ bí owú. Ẹ̀rù bà á. Ó yára. Ó sáré. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ń sáré lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ó na ọrùn sókè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wá ẹrù náà. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè sí i. Ó kọjá iná títì àkọ́kọ́. Ó kọjá ìkejì. Ìgbà yẹn ló bà lé e lórí, gbogbo rẹ̀, tó fi di òpó iná mú kó má baà ṣubú.

Fóònù dún. Inúolúwa ní ọrùn òun ti dáa.

Ó wúwo. Ọmọ́yẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.